Ẹ Má Pa Yorùbá Rẹ́ Lórí Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́ Yín

Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín? Kò sí lọ́dọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n a ò lè torí iná panu mọ́.

Alẹ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí alẹ́ Sátidé ṣe máa ń rí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin. Aṣọ tí a fọ̀ láàárọ̀ ti gbẹ, ẹnì kan ń po gàrí, ẹnì kan ń dirun fún ẹnì kejì, gbogbo wa sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé inú yàrá gbóná. A ti sọ̀rọ̀ fíìmù tán, a ti sọ̀rọ̀ olùkọ́ tó fún wa ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo tán. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fa fóònù rẹ̀ yọ, ó ń kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kan tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti bi í pé kí ló kọ́ ní yunifásítì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbí?"

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde láti bí ọdún mẹ́ta wá kí àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló dá a lóhùn. "Kọ Linguistics. Tí o bá kọ Yorùbá, wọn ò ní kà á dé ìsàlẹ̀." Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní kó kúkú kọ Communication. Ẹlòmíràn ní ọmọ ìyá òun kọ Arts lásán, ó sì ríṣẹ́. Báyìí la ṣe fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí gàrí fi tán. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dórí bẹ́ẹ̀dì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, sí ara mi ṣáájú ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ kí n sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá sọ yìí.

Ìmọ̀ràn yẹn kò dára. Ó ń kó ẹni tó bá gbà á sí wàhálà, ó sì ń dínà mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

N kò ní ṣe bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n wa ò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń sọ. Láti ọjọ́ tí orúkọ wa ti jáde lára àwọn tó wọlé ni wọ́n ti ń bi wá pé, "Yorùbá kẹ̀? Ṣé o ò gbọ́ ọ nílé ni?" Àǹtí kan á bi ọ́ bóyá ifá lo fẹ́ lọ máa dá. Ọ̀pọ̀ wa ò tilẹ̀ yàn án: ìmọ̀ òfin la kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wa ò tó, ni wọ́n bá fún wa ní Yorùbá. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ láti fi rán an níléèwé ò ní jókòó máa jà nítorí àmì ohùn nígbà tí owó ilé ti tó san. Èmi ò bínú sí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ìmọ̀ràn náà ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, orúkọ ẹ̀ka àti orúkọ kọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, ẹ̀ka Linguistics àti àwọn Èdè Áfíríkà ni wọ́n ń pè é, abẹ́ rẹ̀ ni Yorùbá wà. Àlàfo kékeré yẹn làwọn èèyàn ń gbà sá. Wọ́n á mú orúkọ ẹ̀ka, wọ́n á fi síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ kọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù iṣẹ́. Gbólóhùn kan máa ń wà níbẹ̀ tí a kì í kà, tó sọ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí a kọ, àti pé bí wọ́n bá rí irọ́ níbẹ̀, wọ́n lè gba iṣẹ́ náà padà. A ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní ká mú ìwé ẹ̀rí wá, ohun tí yunifásítì tẹ̀ sórí rẹ̀ ni wọ́n á sì kà. Kí lo fẹ́ sọ nígbà náà? Ẹni tó kọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ ò ní àlàyé kankan láti ṣe. Ẹni tó fi í pamọ́ ni wọ́n máa bi pé kí ló dé tó fi fi í pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà ò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ nígbà yẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá.

Kí n má baà di ẹni tí wọ́n ṣì gbọ́: bó bá jẹ́ Linguistics àti Yorùbá ni wọ́n kọ sórí ìwé tìrẹ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ bá wà nínú rẹ̀, kọ ìyẹn náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí fọ́ọ̀mù àti ìwé ẹ̀rí bára mu.

Irọ́ kì í sì í dá rìn. Lálẹ́ Sátidé kan náà, wọ́n gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn pé kó lọ sí kóòtù lọ búra ọjọ́ orí tuntun, torí pé ìpolówó iṣẹ́ kan ní àwọn ò fẹ́ ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún 26 lọ. Inú bí mi sí ìpolówó náà. Ní 2022, nǹkan bí oṣù 8 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi daṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù Kejì títí wọ inú oṣù Kẹwàá. Ta ló fẹ́ dá oṣù 8 yẹn padà fún wa? Kò dára kí ẹni tó ń gbanisíṣẹ́ máa fi ọjọ́ orí jẹ ọmọ ẹlẹ́ran níyà lórílẹ̀-èdè tí kọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rin ti lè di ọdún mẹ́fà láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká pariwo rẹ̀, ká kọ̀wé sí wọn, ká dárúkọ àṣà náà ní àṣà burúkú. Ṣùgbọ́n kí èèyàn lọ búra èké, kí ọjọ́ orí tó wà lórí ìwé WAEC rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà níwájú ọ̀gá rẹ̀, kí ó wá máa fi gbogbo ayé rẹ̀ rántí èyí tó sọ fún ta ni, iṣẹ́ mìíràn ni ìyẹn, wọn ò sì ń sanwó oṣù fún un.

Ọ̀rọ̀ kejì kàn yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ọ̀pọ̀ yín ló wà níbi iṣẹ́ tó dára: ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ wọlé, ẹ ṣiṣẹ́ kára, wọ́n sì mọ̀ yín sí ẹni tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yín ò mọ̀ pé Yorùbá lẹ kà. Lójú tiẹ̀, Linguistics lẹ kà, tàbí Mass Comm. Nígbà tí fọ́ọ̀mù àbúrò yín bá wá dé orí tábìlì rẹ̀, tó rí Yorùbá níbẹ̀, á sọ pé, "A ò gba irú èyí rí, a ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe." Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ ti wà ní yàrá kejì láti ọdún 5 sẹ́yìn! Gbogbo iṣẹ́ rere tí ẹ ṣe, orúkọ kọ́ọ̀sì ẹlòmíràn lẹ fi gbé ga. Ẹ̀yin lẹ wá padà wá sọ́dọ̀ wa lálẹ́ Sátidé pé wọn kì í gba Yorùbá. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé àwọn ti gbà á rí?

Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bó bá pè é ní àkúfọ́, wọ́n á bá a fi kólẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, a ti gba máàkì lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, n ò ní kí ẹ gbé pátákó kọ́rùn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yìn yín níbi iṣẹ́ pé ẹ mọ ìwé kọ, ẹ dá wọn lóhùn pé ibi tí ẹ ti kọ́ ọ ni kíláàsì Yorùbá. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, ó sì lè ṣe àbúrò yín láǹfààní ju owó káàdì tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò kọ owó káàdì o.

Wọ́n tún máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń wá ẹni tó ka Yorùbá. Ìyẹn kì í ṣòótọ́. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni BBC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá. Lọ́dún kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ètò Fulbright ti Amẹ́ríkà fi ń mú àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ́hùn-ún ní Yorùbá. Láti 2013 ni Google Translate ti ní Yorùbá nínú, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti túmọ̀ tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó lè sọ bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́, kó mọ̀ pé B.A. nìkan ò tó láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ kún un, bíi PGDE. Ó sàn kéèyàn mọ ìyẹn nísinsìnyí ju kó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà.

N ò sọ pé iṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ tó láti gba gbogbo wa. Wọn ò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pa Yorùbá rẹ́ lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yọ ọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n yíjú sí àwa tí a ṣì wà níléèwé, torí pé ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀. Mo ka CV bíi mẹ́wàá láàárín àwa ọ̀rẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n jọra bí ìbejì. Gbogbo wa la jẹ́ òṣìṣẹ́ kára. Gbogbo wa la lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èèyàn. Gbogbo wa la fẹ́ràn ìwé kíkà àti ìrìnàjò. Ìrìnàjò wo? Láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé ẹnu géètì? Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ṣì wà lójú ewé kejì. Bí ẹni tó ń gbanisíṣẹ́ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá lórí rẹ̀, tó sì sọ ọ́ nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé Yorùbá ló fà á.

Kí la ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin? Ẹ rò ó. A lọ sí abúlé, a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, a padà wá sílé, a tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a fi àmì ohùn sí i, a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ mẹ́ta nìyẹn, àwọn èèyàn sì ń gbowó lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan nínú wa ti dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ SS2 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan ló ṣètò ọjọ́ àṣà ẹ̀ka wa, wọ́n gbowó, wọ́n náwó, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ láìsí ìjà. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ lórí CV wa. Àlàfo la fi síbẹ̀, a wá kọ "kò sí ìrírí iṣẹ́."

Nítorí náà, má kọ "mo gbọ́ Yorùbá dáadáa." Gbogbo ará Ìbàdàn ló gbọ́ ọ. Kọ pé: "Mo gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu ọdẹ 4, mo tẹ wákàtí 3 nínú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì." Bó bá jẹ́ ọdẹ 1 lo gbà á lẹ́nu rẹ̀, kọ 1. Bí ìdajì wákàtí bá ni, kọ ìdajì wákàtí. Iye tó bá jẹ́ òótọ́ náà ló wúlò, torí òun lo máa lè dúró tì bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè.

Wọ́n á sì bi ọ́ léèrè. Wọ́n á ní, "Kí ni Yorùbá fẹ́ ṣe fún wa níbí?" Má rẹ́rìn-ín ìtìjú. Jókòó pẹ̀lú ìbéèrè yẹn kó o tó kúrò nílé. Bó bá jẹ́ báńkì lo lọ, sọ fún wọn pé àwọn ìyá tó ń tajà ní Bódìjà ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó tí wọn ò lóye, àti pé ìwọ lè ṣàlàyé èlé àti ọjọ́ ìsanwó fún wọn ní èdè tí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n ń tọrùn bọ̀. Oníbàárà tó bá lóye gbèsè rẹ̀ ló mọ bó ṣe máa san án. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ni, sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìlànà òògùn. Ibi yòówù kó jẹ́, ka ìpolówó iṣẹ́ náà dáadáa kó o tó lọ, kó o mọ ohun tí wọ́n ń tà àti ẹni tí wọ́n ń tà á fún.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí a kì í sọ lálẹ́ Sátidé torí pé wọn ò pani lẹ́rìn-ín. Orúkọ iṣẹ́ tí ò ń wá gan-an ni kó wà nínú lẹ́tà rẹ, kó má jẹ́ "iṣẹ́ èyíkéyìí." Sọ fún olùkọ́ tó o fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó pè é, kó má baà máa bi wọ́n pé, "Ta nìyẹn?" Ṣí ímeèlì mìíràn tó jẹ́ orúkọ rẹ gan-an. Èyí tó o ṣí ní SS1, tí "sweet" wà nínú rẹ̀, jẹ́ kó sinmi. Má sì dúró di alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa tì í kó o tó fi ránṣẹ́. Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Kò fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó bi mí pé kí ni mo rò. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí yìí fún un, mo sì ràn án lọ́wọ́ láti kọ iṣẹ́ tó ṣe lórí ẹkún ìyàwó sínú rẹ̀, ohùn ìyá àgbà mẹ́ta àti gbogbo rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lálẹ́ Sátidé, ó kọ B.A. Yorùbá. Ó fi ránṣẹ́.

Wọn ò tíì pè é. Wọ́n lè má pè é, n ò sì ní fi ìyẹn tàn yín. Ìrètí wà nínú mi, ẹ̀rù náà sì wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè é, òun gan-an ni wọ́n pè, bó bá sì wọlé, ẹni tó bá tẹ̀ lé e láti ẹ̀ka wa ò ní jẹ́ àjèjì níbẹ̀.

Lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni. Kí gbogbo ẹni tó ní fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mú un wá, ká jọ kọ ọ́, ká ka ti ara wa, ká bá ara wa wí. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n wa ọjọ́sí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwọn ń bọ̀, àwọn á sì mú ẹ̀pà dání. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n yòókù, ẹ wá. Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe wọlé fún wa, kí ẹ sì sọ orúkọ kọ́ọ̀sì yín fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó wá. Gàrí wà.